Bí A Ṣe Ń Mọ Òkúta Tó Lọ sí Ìsàlẹ̀ Ilẹ̀ Tó sì Padà

Àbàtà etí odò Thames ni wọ́n kọ́ Thamesmead lé, àwọn ará àkọ́kọ́ sì kó wọ ibẹ̀ ní ọdún 1968. Ẹni tó bá ń wá òkè ńlá kò lè rí i níbí. Síbẹ̀, èèyàn lè jókòó nínú ilé ìdáná rẹ̀ ní Thamesmead kó mọ bí òkè ṣe ń dìde, bó bá mọ irú òkúta tó yẹ kó bi léèrè. Àwọn òkúta kan wà tí wọ́n ti lọ sí ìsàlẹ̀ ilẹ̀ gan-an, tí ẹrù orí wọn fún wọn pinpin, tí wọ́n sì tún padà jáde. Eclogite ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀ nínú wọn.

Ẹ wá òṣùwọ̀n ìdáná tó ń ka gíráàmù, abọ́ omi kan, òwú, òòfà kékeré, àti awò tó ń sọ nǹkan di ìlọ́po mẹ́wàá. Ẹ ra eclogite kékeré lọ́wọ́ àwọn tó ń ta òkúta. Èyí tó ti Norway wá kì í ṣòro rí. Ẹ tún mú flint kan láti inú ọgbà yín kí ẹ lè fi wọ́n wéra.

Àwọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Hóró pupa nínú ara tútù bí ewé ni eclogite: pupa yẹn ni garnet, tútù yẹn ni omphacite. Basalt, òkúta ìsàlẹ̀ òkun, ló sábà máa ń di eclogite. Ẹ̀wà lílọ̀ kan náà ni à ń dín tó ń di àkàrà, òun náà la ń sè tó ń di mọ́ínmọ́ín. Bẹ́ẹ̀ ni basalt àti eclogite, ohun tó wà nínú wọn kò yàtọ̀, ohun tójú wọn rí ló yàtọ̀.

Ẹ wá wọ̀n ọ́n. Ẹ gbé òkúta náà sórí òṣùwọ̀n ní gbígbẹ, kí ẹ kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀, kí ẹ gbé abọ́ omi síbẹ̀, kí ẹ sì dá òṣùwọ̀n padà sí òdo. Ẹ fi òwú so òkúta náà, ẹ rọ̀ ọ́ sínú omi títí omi yóò fi bò ó, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó kan ìdí abọ́ tàbí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Iye tí ẹ bá rí ni kí ẹ fi pín iye àkọ́kọ́. Bí ó bá wọn 340 gíráàmù ní gbígbẹ, tí omi sì ka 100, 3.4 ni èsì. Flint kì í ju nǹkan bí 2.6 lọ, basalt ń sún mọ́ 3, eclogite a máa tó 3.3 sí 3.6. Bí òòfà bá lẹ̀ mọ́ òkúta wíwúwo kan tí ẹ ṣà, ẹ fura: ó lè jẹ́ ìdàrọ́ irin.

Ẹ má fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú iye yẹn. Ìwúwo yìí ló ń fa ilẹ̀ abẹ́ òkun wọlẹ̀, tó ń wọ́ etí ilẹ̀ ńlá tó so mọ́ ọn tẹ̀lé e, títí ilẹ̀ ńlá méjì yóò fi kọlura. Níbi ìkọlura yẹn ni òkè ti ń dìde.

Ìpele tó kàn ni mo fẹ́ràn jù, ó sì gba sùúrù. Ẹ fi awò wo garnet kan ṣoṣo. Ohun tó há sínú rẹ̀ ti wà kí garnet tó dàgbà yí i ká: ìyẹn ni ìròyìn ìgbà tí òkúta ń lọ sísàlẹ̀. Bí ẹ bá rí òrùka dúdú yí etí rẹ̀ ká, ìgbà tó ń padà bọ̀ ló hù. Lọ́dún 1984, nínú òkúta Alps, Christian Chopin rí coesite tó há sínú garnet bẹ́ẹ̀, hóró tí kì í sábà wáyé láìjẹ́ pé òkúta jìn tó nǹkan bí 90 kìlómítà. Àwọn onímọ̀ kò rò tẹ́lẹ̀ pé ilẹ̀ tí à ń gbé lè lọ jìn tó bẹ́ẹ̀ kó sì padà.

Nígbà tí ojú yín bá ti là, ẹ wọ Elizabeth line ní Abbey Wood, ẹ sọ̀ ní Tottenham Court Road, kí ẹ fẹsẹ̀ rìn dé British Museum. Ọ̀fẹ́ ni. Àáké jade kan wà níbẹ̀ tí wọ́n rí nítòsí Canterbury, ní Kent. Ẹ yẹ ìkànnì wọn wò kí ẹ tó lọ, kí ẹ mọ̀ bóyá wọ́n pàtẹ rẹ̀. Òkè Monte Viso ní Ítálì ni òkúta rẹ̀ ti wá, ó sì ti lọ sí ìsàlẹ̀ ilẹ̀ kí Alps tó gbé e gòkè. Ẹni tó bá lè rìn jìnnà, kó lọ sí Llanfairpwll ní Wales: orí òkúta aláwọ̀ búlúù ni òpó Marquess of Anglesey dúró lé. Glaucophane ló fún un láwọ̀ yẹn, ẹ̀rí pé ó wọlẹ̀ kíákíá kí ooru tó bá a.

Lákòótán, ẹ ṣí àwòrán ilẹ̀ Áfíríkà. Ẹ fi ìka kan Gourma ní Mali, níbi tí Renaud Caby ti ròyìn coesite ní 1994, kí ẹ sì fà á wá sí àwọn òkè Lato ní Tógò, níbi tí eclogite wà. Ìlà yẹn ni ojú àpá ibi tí ilẹ̀ ìlà-oòrùn, èyí tí ilẹ̀ Yorùbá wà nínú rẹ̀, ti kọlu ilẹ̀ àtijọ́ ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ní nǹkan bí 610 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Ó kọjá sí Ceará ní Brazil pẹ̀lú, nítorí òkun kò tíì pín wa nígbà náà. Àwọn òkè Atakora ní Benin àti Tógò jẹ́ ìyókù òkè tó dìde níbẹ̀. Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń kó ọmọ lọ sílé fún ìsinmi, ẹ mú wọn gba ibẹ̀ kọjá, kí ẹ sì fi awò náà lé wọn lọ́wọ́.