Ẹ̀ṣọ́ Gólóbà Lórí Ààlà

Bíbélì kíkà: Jẹ́nẹ́sísì 26:12-22

Olùfẹ́, ibi tí a kà ní òwúrọ̀ yìí sọ nípa kànga. Ísáákì gbẹ́ ọ̀kan, àwọn darandaran Gérárì ní tiwọn ni. Ó gbẹ́ òmíràn, wọ́n tún jà sí i. Kò gbé idà; ó ṣí síwájú, ó sì gbẹ́ ẹ̀kẹta. Ẹ fi èyí sọ́kàn bí a ti ń wo ìgbésí ayé ọ̀gágun ojú omi kan tí kò ṣí síwájú ní tirẹ̀.

John Hawley Glover ni orúkọ rẹ̀. Gólóbà ni àwọn ará Èkó ń pè é. Ọmọ ọdún méjìlá ni nígbà tí ó wọ iṣẹ́ ológun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1841. Nínú ogun ilẹ̀ Burma ní 1853, ọta ìbọn wọlé lábẹ́ ojú rẹ̀, ó gba etí jáde, ṣùgbọ́n kò kú. Ní 1857 ó wà nínú ọkọ̀ Dayspring tí Dókítà Baikie darí gòkè odò Ọya. (Àwọn tó ń ka Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ yóò rí orúkọ ọkọ̀ náà nínú Lúùkù 1:78.) Samuel Àjàyí Crowther wà nínú ìrìn àjò yẹn pẹ̀lú. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹwàá, ọkọ̀ náà fọ́ mọ́ àpáta nítòsí Jẹ́bà.

Ọkọ̀ ti fọ́, oúnjẹ ń tán lọ, ọkọ̀ mìíràn kò sì tètè dé. Glover gbéra láti Jẹ́bà, ó gba ọ̀nà Ìlọrin, Ògbómọ̀ṣọ́, Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta dé Èkó, láti wá ohun tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yóò jẹ. Ó sì tún padà tọ̀ wọ́n lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń wọ mọ́tò láti Ìlobùú lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ mọ̀ bí ó ti jìn tó, ká má tíì dé Jẹ́bà. Kò ní ọmọ ogun lẹ́yìn nígbà náà. Ẹni tí kò ní ọmọ ogun, ẹ̀bẹ̀ ni yóò fi gba ìlú onílùú kọjá.

Àwọn ẹrú Hausa kan tí wọ́n sá lọ́wọ́ olówó wọn tẹ̀ lé e. Irú àwọn wọ̀nyí ni ó kó jọ di ẹgbẹ́ ọmọ ogun ní Èkó ní 1863, ọdún tí iléeṣẹ́ ológun Nàìjíríà ń kà sí ìbẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Gólóbà ti wá ní ọmọ ogun wàyí.

Títí di 1872 ni àṣẹ fi wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní Èkó, ní ipò kan sí òmíràn. Ohun tí ó ń wá ni kí ọ̀nà òwò Ìbàdàn ṣí, èyí tí àwọn Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú máa ń dí. Ṣùgbọ́n àwọn Ẹ̀gbá náà ní ẹ̀rù tiwọn: Gẹ̀ẹ́sì ti gba Èkó ní 1861, ta ni yóò sọ pé kò ní kan Abẹ́òkúta? Ní oṣù kẹta 1865, ọmọ ogun Èkó lé àwọn Ẹ̀gbá tó dó ti Ìkòròdú. Ní 1867, Glover fi ẹ̀ṣọ́ sí òdì kejì ọ̀sà, lórí ilẹ̀ tí àwọn Ẹ̀gbá ní tiwọn ni. Ìjọba Ẹ̀gbá fi ẹ̀hónú hàn. Kò yẹ̀.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, 13 oṣù kẹwàá 1867, wọ́n ya wọ ilé àwọn míṣọ́nárì àti ilé ìjọsìn ní Abẹ́òkúta, wọ́n kó wọn lẹ́rù. Ìfọ́lé ni a ń pè é títí di òní. Wọ́n ba ẹ̀rọ ìtẹ̀wé jẹ́. Bí Ìwé Ìròhìn ti Townsend ṣe parí nìyẹn. Wọ́n lé àwọn òyìnbó míṣọ́nárì kúrò nílùú.

Ẹ kíyè sí i: nítòsí Èkó ni ẹ̀ṣọ́ wà, Abẹ́òkúta ni ilé ti fọ́. Àwọn onígbàgbọ́ tó ń lọ sìn Ọlọ́run lọ́jọ́ náà kò mọ ohun tí gómìnà kọ sínú lẹ́tà.

N kò ní kí ẹ ka Gólóbà sí ènìyàn burúkú. Òun ló fún àwọn onígbàgbọ́ Ẹ̀gbá tó sá wá sí Èkó ní ilẹ̀ ní Èbúté Mẹ́ta, àwọn ará Èkó sì fẹ́ràn rẹ̀ débi pé wọ́n fi gbọ̀ngàn Glover ṣe ìrántí rẹ̀ lẹ́yìn ikú rẹ̀ ní 1885. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n mú un kúrò ní 1872, ọ̀nà tí ó torí rẹ̀ fi ẹ̀ṣọ́ sí ààlà kò tíì ṣí.

Ẹ̀yin ará mi ní Ìlobùú àti Ìfọ́n-Ọ̀ṣun, kò sẹ́ni tó yẹ kó ṣàlàyé ìjà ààlà fún wa. A rí i ní 2025, nígbà tí ìjọba kéde kónílé-ó-gbélé. Ilé tó jóná, ṣé ti ẹni tó wọn ilẹ̀ ni? Ìwọ bàbá tó ń jókòó lójúde lálẹ́, ọ̀rọ̀ tí o ń sọ nípa ìlú kejì, ọmọkùnrin rẹ ń gbọ́. Bóyá òun ni ẹ̀ṣọ́ tí o fi sí ààlà láìmọ̀. Màmá, ìyàwó ọmọ yín tó wá láti òdì kejì, kí ni ẹ pè é nígbà tí ara ń gbóná? Kànga méjì ni Ísáákì fi sílẹ̀ kó tó dé Réhóbótì, omi sì wà nínú méjèèjì.

Kí a tó gbàdúrà, kí olúkúlùkù dárúkọ ẹnìkan tí ó mọ̀ ní ìlú kejì: àna, oníbàárà, ẹni tí ẹ jọ kàwé. Ará Ìlobùú yóò dárúkọ ará Ìfọ́n, ará Ìfọ́n yóò dárúkọ ará Ìlobùú. Kí a bẹ Ọlọ́run fún òrùlé wọn.