Àwọn Tó Ń Wádìí Òkun

Bí a bá pín ojú ayé sí ọ̀nà mẹ́wàá, òkun ló gba nǹkan bíi méje níbẹ̀. Inú òkun ni wọ́n ti ń kó ṣáwá tí à ń jẹ, láti ojú òkun sì ni púpọ̀ nínú omi òjò tó ń rọ̀ sí oko wa ti ń gbéra. Síbẹ̀, ohun tí ọmọ aráyé mọ̀ nípa ìsàlẹ̀ òkun kò tó nǹkan. Títí di òní, wọn kò tíì fi ẹ̀rọ wọn ìdá kan nínú mẹ́ta ilẹ̀ tó wà lábẹ́ òkun dáadáa.

Apẹja ni ẹni àkọ́kọ́ tó kọ́ ẹ̀kọ́ nípa òkun. Apẹja Ìlàjẹ tàbí Ègùn mọ ìgbà tí omi ń kún, ó mọ ìgbà tí ẹja ń sún mọ́ etíkun, ó sì mọ afẹ́fẹ́ tó ń mú ìjì bọ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí ọkọ̀ rẹ̀ dé ni ìmọ̀ rẹ̀ mọ. Òkun gbòòrò ju ohun tí apẹja kan, tàbí orílẹ̀-èdè kan pàápàá, lè dá wádìí lọ. Ìdí nìyí tí àwọn àjọ fi wà káàkiri ayé tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti mọ òkun àti láti dáàbò bò ó.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1872, ọkọ̀ kan tó ń jẹ́ Challenger gbéra ní Portsmouth, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọkọ̀ ogun ni tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n kó ọ̀pọ̀ nínú àwọn ohun ìjà rẹ̀ kúrò kí àyè lè gba àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì àti irinṣẹ́ wọn. Ó rìn kiri òkun ayé fún ohun tó lé ní ọdún mẹ́ta. Okùn gígùn tí wọ́n so ohun wúwo mọ́ ni wọ́n ń jù sínú omi láti mọ bó ṣe jìn tó. Ní 1875, nínú òkun Pàsífíìkì, okùn náà lọ sísàlẹ̀ ju kìlómítà mẹ́jọ lọ kó tó kan ilẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan ti rò tẹ́lẹ̀ pé kò sí ohun alààyè kankan níbi tí òkun ti jìn gan-an. Ohun tí àwọ̀n Challenger gbé jáde fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Irú ẹ̀dá tó lé ní 4,000, tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀ rí, ni wọ́n kó wálé. Ìdìpọ̀ ìwé àádọ́ta ni wọ́n fi ròyìn ohun tí wọ́n rí.

Lẹ́yìn ìgbà náà ni àwọn ilé-iṣẹ́ ìwádìí ńláńlá bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀. Scripps bẹ̀rẹ̀ ní California ní 1903, Woods Hole sì bẹ̀rẹ̀ ní Massachusetts ní 1930. Japan ní tirẹ̀, Faransé ní tirẹ̀. Ní Nàìjíríà, ìjọba dá NIOMR sílẹ̀ ní Èkó ní 1975. Ní ilẹ̀ Benin, IRHOB ló ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ní Kútọnu.

Lónìí, kì í ṣe ọkọ̀ nìkan ló ń wọn òkun. Ẹ̀rọ tó tó nǹkan bíi 4,000 ló ń léfòó kiri nínú òkun lábẹ́ ètò kan tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè pawọ́ pọ̀ ṣe, tí wọ́n ń pè ní Argo. Ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan gùn gbọọrọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó èèyàn. A máa rì lọ sí ìsàlẹ̀ tó tó 1,000 mítà, omi á sì máa gbé e lọ jẹ́jẹ́. Tó bá di bí ọjọ́ kẹwàá, á tún rì dé 2,000 mítà, lẹ́yìn náà á máa gòkè bọ̀. Bó ṣe ń gòkè ló ń wọn bí omi ṣe gbóná tó àti bí iyọ̀ inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Tó bá yọ sójú omi, á fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí sátẹ́láìtì, á sì tún rì padà. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ètò yìí ni pé ọ̀fẹ́ ni àbájáde rẹ̀ fún gbogbo ayé. Akẹ́kọ̀ọ́ ní Àkúrẹ́ tó ní íntánẹ́ẹ̀tì lè rí ohun kan náà tí ọ̀jọ̀gbọ́n ń rí ní Amẹ́ríkà.

Èéfín epo tí à ń sun ń há ooru mọ́ ayé, irú ìwọ̀n báyìí ló sì jẹ́ ká mọ̀ pé òkun ló ń gba ohun tó lé ní ìdá 90 nínú 100 ooru àfikún náà. Omi tó bá gbóná a máa fẹ̀. Yìnyín orí ilẹ̀ olótùútù náà sì ń yọ́ wọ inú òkun. Báyìí ni òkun ṣe ń ga sí i. Àwọn ará Ayétòrò ní ìpínlẹ̀ Oǹdó ti fojú ara wọn rí ohun tí òkun lè ṣe. Ìlú tí wọ́n tẹ̀ dó ní 1947 ti pàdánù ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé sínú omi. Gíga tí òkun ń ga kọ́ ló dá fà á, torí ìgbì náà ń jẹ ilẹ̀ etíkun lọ. Ẹni tó bá fẹ́ fi òkúta dí òkun lọ́nà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ibi tí ìgbì ti ń kó yanrìn àti ibi tó ń kó o lọ. Láìsí ìwádìí yẹn, owó ìlú ló máa bá omi lọ.

Ọkọ̀ kan wà tó yẹ kí gbogbo ará etíkun wa mọ orúkọ rẹ̀. Dr. Fridtjof Nansen ni wọ́n ń pè é. Orúkọ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ Norway kan tó gba ẹ̀bùn Nobel fún àlàáfíà ní 1922 ni wọ́n fi sọ ọ́. Ìjọba Norway àti FAO, ìyẹn àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ló jọ ń lò ó. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1975. Ẹ̀kẹta tó ń jẹ́ orúkọ kan náà bẹ̀rẹ̀ ní 2017, ó sì ti ṣiṣẹ́ dé omi Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Àsíá Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ló wà lórí rẹ̀, èyí sì jẹ́ kó rọrùn fún un láti kọjá láti omi orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. Bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn, torí ẹja kò mọ ẹnubodè. Ṣáwá tó wà ní ọ̀kánkán Kútọnu lónìí lè dé ọ̀kánkán Badagry láìpẹ́.

Báwo ni èèyàn ṣe lè mọ iye ẹja tí ojú rẹ̀ kò rí? Ẹ̀rọ kan wà lábẹ́ ọkọ̀ náà tó ń rán ìró sísàlẹ̀ omi. Tí ìró náà bá kan agbo ẹja, á padà sókè, bí ohùn ẹni tó pariwo sínú kànga ṣe ń padà bá a. Bí ìró tó padà wá ṣe lágbára tó ni wọ́n fi ń ṣírò bí ẹja ṣe pọ̀ tó. Lẹ́yìn náà, wọ́n á ju àwọ̀n, wọ́n á kó díẹ̀, wọ́n á wọ̀n wọ́n, wọ́n á sì wo ohun tó wà níkùn wọn. Àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè tí ọkọ̀ náà bá dé a máa wọ̀ ọ́, wọ́n á jọ ṣiṣẹ́.

Iṣẹ́ yìí kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Òfin òkun tí wọ́n fọwọ́ sí ní 1982 fún orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan tó wà létí òkun ní àṣẹ lórí ẹja inú omi tó tó nǹkan bíi kìlómítà 370 láti etíkun rẹ̀. Ìjọba ló ń fún àwọn tírọ́là, ìyẹn ọkọ̀ ńlá tó ń wọ́ àwọ̀n nílẹ̀ òkun, ní ìwé àṣẹ. Bí ìjọba kò bá mọ iye ẹja tó kù, báwo ló ṣe fẹ́ mọ iye tírọ́là tó yẹ kó gbà láàyè? Àbájáde ìwádìí kò sì gbọ́dọ̀ sùn sí ọ́fíìsì. Ó yẹ kí wọ́n kà á fún àwọn apẹja ní èdè tí wọ́n ń sọ, torí àwọn ni ebi máa kọ́kọ́ pa tí ẹja bá tán.

Ní Brazil, àwọn kan ti fi hàn bí àwọn onímọ̀ àti apẹja ṣe lè jọ ṣiṣẹ́. Ní 1980, wọ́n dá ètò kan sílẹ̀ tó ń jẹ́ TAMAR láti dáàbò bo ìjàpá òkun. Praia do Forte ní Bahia jẹ́ ọ̀kan nínú ojúkò iṣẹ́ wọn. Ní Bahia yìí kan náà ni àwọn ọmọ àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú ti ń bọ Yemọja létí òkun títí dòní. Kí ètò TAMAR tó bẹ̀rẹ̀, àwọn èèyàn a máa wa ẹyin ìjàpá nínú yanrìn, wọ́n á sì pa èyí tó wá yé. Àwọn TAMAR lè sọ pé kí ọlọ́pàá máa kó wọn. Dípò bẹ́ẹ̀, wọ́n gba àwọn apẹja síṣẹ́. Ẹni tó ti ń wa ẹyin látijọ́ ló mọ ibi tí ẹyin wà jù, òun náà ni wọ́n sì sọ di olùṣọ́. Wọ́n wá iṣẹ́ ọwọ́ fún àwọn obìnrin abúlé náà, kí owó lè máa wọlé láìpa ìjàpá. Ọmọ ìjàpá tó ti wọ òkun lábẹ́ ètò yìí lé ní 40 mílíọ̀nù. Díẹ̀ ló ń dàgbà nínú wọn, ó sì lè gbà tó ogún sí ọgbọ̀n ọdún kí ọ̀kan tó padà wá yé. Iṣẹ́ tí èèyàn ń ṣe fún ọmọ ọmọ rẹ̀ nìyẹn. Lójú tèmi, kò sí ẹgbẹ́ tó lè dáàbò bo etíkun kankan tó bá sọ àwọn tó ń gbé ibẹ̀ di ọ̀tá.

Òfin pẹ̀lú ń ṣèrànwọ́. Láti 1986 ni ìfòfindè pípa ẹja àbùùbùtán fún títà ti bẹ̀rẹ̀, àwọn irú kan sì ti ń pọ̀ padà. Ní oṣù Kìíní ọdún 2026, àdéhùn tuntun kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tó ń dáàbò bo àwọn ohun alààyè inú òkun tí kò sí lábẹ́ orílẹ̀-èdè kankan, èyí tó lé ní ìlàjì òkun ayé.

Àwọn onímọ̀ a máa fi irin pẹlẹbẹ kékeré sí apá ìjàpá òkun láti mọ ibi tó ń lọ. Ìjàpá tí wọ́n fi irú àmì yìí sí lára ní Brazil ti dé etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà rí. Nítorí náà, bí ìjàpá òkun bá kó sínú àwọ̀n yín, ẹ má pa á. Ẹ wo apá rẹ̀. Bí irin bá wà níbẹ̀, ẹ ka nọ́ńbà àti àdírẹ́sì tí wọ́n kọ sí i, ẹ kọ wọ́n sínú ìwé, ẹ kọ ọjọ́ àti ibi tí ẹ ti rí i, kí ẹ sì dá ìjàpá náà padà sínú omi. Lẹ́yìn náà, ẹ mú ohun tí ẹ kọ lọ fún àwọn NIOMR ní Èkó, tàbí fún òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ẹja ní ìjọba ìbílẹ̀ yín.