Ẹgbẹ́ wo ni ẹ ń sọ?

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò ni ẹgbẹ́. Ẹ ṣọ́ ohùn rẹ̀: ẹ̀gbẹ́ ni ìhà, ègbé sì ni ìparun.

Ìtumọ̀ kìíní ni ẹni tí ọjọ́ orí tàbí ipò wa bá dọ́gba. Ibẹ̀ ni "kò lẹ́gbẹ́" ti wá.

Ìkejì ni àwọn tó para pọ̀ nítorí iṣẹ́ tàbí ìfẹ́ kan. Àwọn tó ń ta ẹ̀wà ní ọjà Bódìjà ní ẹgbẹ́ tiwọn. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wà, aṣọ ẹgbẹ́jọdá náà wà. Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti dá Ẹgbẹ́ Ọmọ Odùduwà sílẹ̀ ní 1945.

Nínú gbogbo èyí, ẹgbẹ́ kò dára, kò sì burú. Ẹ̀yán tó bá tẹ̀ lé e ló ń sọ irú èyí tó jẹ́: ẹgbẹ́ rere, ẹgbẹ́ búburú, ẹgbẹ́ òkùnkùn.

Òfin náà mọ ìyàtọ̀ yìí. Nínú Ìwé Òfin Nàìjíríà ti 1999, abala 40 fún gbogbo ènìyàn lẹ́tọ̀ọ́ láti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ tàbí láti wọ ọ̀kan, ṣùgbọ́n abala 38 kò fún ẹnikẹ́ni lẹ́tọ̀ọ́ láti wà nínú ẹgbẹ́ òkùnkùn. Abala 318 ka àwọn àmì rẹ̀: ìbúra àti àmì ìkọ̀kọ̀, ìpàdé ìkọ̀kọ̀, orúkọ tí a fi pamọ́, àti gbígbe ara ẹni lẹ́yìn láìka ẹ̀tọ́ sí.

Ní ìgboro ńkọ́? Nígbà tí mò ń wá yàrá ní Bódìjà, bàbá onílé kan bi mí pé, "Ṣé ìwọ kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ ṣá?" Mo ní, "Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka wa nìkan ni mo wà, sà." Bàbá ní irú ẹgbẹ́ yẹn kọ́ lòun ń bi mí.

Ẹ rí i pé ẹ̀yán, òkùnkùn, ti bọ́ dànù, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ rẹ̀ kò kúrò lórí ẹgbẹ́. Ewu ibẹ̀ kò kéré. Ẹni tí wọ́n bá nawọ́ sí pé "ọmọ ẹgbẹ́ ni" lè má rí yàrá gbà. Wọ́n sì lè lù ú kí ẹnikẹ́ni tó béèrè pé ẹgbẹ́ wo.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a máa pe ẹ̀yán náà. Bó bá jẹ́ òkùnkùn la ní lọ́kàn, tí ẹ̀rí sì wà, ká sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ̀rí kò bá sí, ká pa ẹnu mọ́.

Iṣẹ́ ṣíṣe: Ẹ tẹ́tí sí "ọmọ ẹgbẹ́" ní àdúgbò yín fún ọ̀sẹ̀ kan. Ìgbà mélòó ni ẹ gbọ́ ẹ̀yán rẹ̀?