Àìrọ́mọbí: Ẹni Méjì Ni Ó Ń Dùn

Ẹ̀kọ́ oṣù yìí dá lórí ọ̀rọ̀ tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò tíì dé ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n tí ẹnu wa ti ń dá sí. Bí a bá so yìgì tán, kì í pé oṣù mẹ́ta tí a fi ń wo ikùn ìyàwó. Bí ọdún bá yí po tí a kò rí nǹkan, a ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àdúà fún un ní gbangba. Àdúà dára, ṣùgbọ́n èyí tí a ń pariwo rẹ̀ síni létí níbi ìsọmọlórúkọ ọmọ ẹlòmíràn, ọgbẹ́ ni ó ń dá síni lọ́kàn.

Ní ilẹ̀ wa, orúkọ wà lára ohun tí ó ń dun obìnrin bẹ́ẹ̀ jù. Ìyàwó tí ó wọlé lẹ́yìn rẹ̀ ti di Ìyá Sìkírù. Òun ṣì ń jẹ́ Ìyàwó nínú agboolé kan náà lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá. Ẹni tí ó pè é kò bú u, síbẹ̀ èébú ni ó gbọ́. Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ nínú ilé Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a). Àíṣà ìyàwó rẹ̀ kò bímọ. Ó wí fún ọkọ rẹ̀ pé gbogbo àwọn obìnrin ẹgbẹ́ òun ni a ń fi orúkọ ọmọ pè. A kò gbọ́ pé Ànábì bá a wí. Ó ní kí ó máa jẹ́ Ummu Abdullahi, èyí ni Ìyá Abdullahi, nítorí Abdullahi tí Asimau ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bí fún Súbérù. Orúkọ ni ó ń dùn ún, orúkọ náà ni ó fún un.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ẹni tí ó ń sunkún ọmọ kò gba kádàrá. Ànábì Sakariyau darúgbó, irun rẹ̀ funfun, ó sì pe Olúwa rẹ̀ ní ohùn jẹ́jẹ́ nítorí ọmọ; Ọlọ́hun dá a lóhùn. Fún tọkọtaya tí ń wá ọmọ, bí nǹkan oṣù bá dé, ó dà bí òkú tí a kò lè kéde. Kò sí ẹni tí yóò wá kí wọn.

Ti ọkọ ni a kì í sọ. Èdè wa ní àgàn fún obìnrin, ṣùgbọ́n akúra ni ẹni tí kò lè bá obìnrin lò. Ọkùnrin lè le koko bí ọta, kí ó má sì sí ohun tí ń di ọmọ nínú àtọ̀ rẹ̀. Ṣẹ́gede tí ó ṣe é lẹ́yìn ìbàlágà lè fà á. Àtọ̀sí tí a kò tọ́jú náà lè fà á. Àwọn oníṣègùn sọ pé ní bí ìdajì irú ìṣòro yìí, ti ọkùnrin wà níbẹ̀, yálà òun nìkan tàbí pẹ̀lú ìyàwó. Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde ní 2023 pé nínú àgbàlagbà 6, bí 1 ni yóò rí i nígbà kan láyé rẹ̀.

Ọkùnrin kì í sábà sunkún. Ó ń pẹ́ níta, ó ń bínú sí ọbẹ̀. Bí ìyá rẹ̀ bá ní kí ó fẹ́ ìyàwó kejì, ó lè gbà, kí ó má bàa dé ilé ìwòsàn. Ẹ̀sìn fàyè gba ìyàwó kejì, ṣùgbọ́n kí a fi í sá fún àyẹ̀wò, àbòsí ni sí obìnrin méjì. Bí ọdún kan bá pé láìsí oyún (oṣù mẹ́fà, bí ìyàwó bá ti lé ní ọdún 35), kí àwọn méjèèjì jọ lọ rí dókítà. Àyẹ̀wò ti ọkùnrin ni ó rọrùn jù: inú ike kékeré ni a ń gba àtọ̀ sí, kò la abẹ lọ.

Arábìnrin tí ó bá lóyún, tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì ń wá ọmọ, kí ó lọ sọ fún un fúnra rẹ̀, ní ìdákọ́ńkọ́, kí ó tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Bí ọ̀rẹ́ náà kò bá sì wá síbi ìsọmọlórúkọ, kí a má bi í ní ìdí.