Ẹ Má San Owó Ọkọ̀ fún Igi Arère

Ohun tí a bá ní là ń náání. Ọmọ aṣẹ́gità ń náání èpo igi. Àwọn àgbà tó pa òwe yìí kò rò ó pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ọmọ aṣẹ́gità yóò máa fi dọ́là ra èpo igi láti òkè òkun. Ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́ wa tó ń fi ọwọ́ to ọkọ̀ òfuurufú kéékèèké, bọ́ọ̀sì, afárá àti ilé, èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní máàdẹ́lì, ti fẹ́ dà bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ náà dára. Ó ń kọ́ ọwọ́, ó ń kọ́ ojú, ó sì ń kọ́ni ní sùúrù. Owó ẹrù ló fẹ́ pa á.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní 20 dọ́là ni owó tí wọ́n fi ń gbé páálí kan wá láti òkè òkun. Kí ìjọba tó tú náírà sílẹ̀ ní Oṣù Kẹfà ọdún 2023, nǹkan bí 470 náírà ni dọ́là kan ní báńkì, owó ẹrù náà kò sì tó 10,000 náírà. Nígbà tí dọ́là dé 1,500 lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó di 30,000, bẹ́ẹ̀ akẹ́rù kò fi sẹ́ǹtì kan kún owó rẹ̀. Bí ẹrù bá sì dé Èkó, ìrìn ṣì kù. Ní ọjọ́ 29 Oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ni Ààrẹ kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Epo bẹntiróò tí kò tó 200 náírà fún lítà kan ti ré kọjá 1,000 náírà kí ọdún 2024 tó parí. Awakọ̀ tó ń gbé wébílì wá sí Ọ̀wọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Òǹdó kò ní fi owó ara rẹ̀ ra epo nítorí tiwa. Ẹni tó wá ń gbé Òkèlúsè, létí ààlà Ìpínlẹ̀ Edo, yóò tún san owó ọkọ̀ tàbí ọ̀kadà kí páálí rẹ̀ tó wọlé.

Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí ni pé kì í ṣe gbogbo ohun tí iṣẹ́ yìí ń lò ló yẹ kó rìnrìn àjò. Mọ́tò kíkíní tó ń yí abẹ̀bẹ̀, àti ẹ̀rọ tí a fi ń darí ọkọ̀ láti òkèèrè, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wọkọ̀ bọ̀, nítorí a kì í rí wọn he lẹ́bàá ilé. Ṣé pákó náà yóò máa wọkọ̀ ni?

Ẹ wo igi arère. Inú igbó ìhà wa níbí ló ń hù. Ó fúyẹ́, ó sì rọ̀ lábẹ́ ọ̀bẹ. Ìdí nìyí tí àwọn ará Yúróòpù fi ń là á fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí wọ́n ń tà á fún àwọn tó ń kọ́ ọkọ̀ òfuurufú kéékèèké lọ́hùn-ún. Obeche ni wọ́n ń pè é lọ́jà. Bí ọmọ Òkèlúsè bá lọ ra obeche lórí íntánẹ́ẹ̀tì, arère ti lọ, arère ti bọ̀, òun ló sì san owó àlọ àti àbọ̀. Ẹ gba sọ́mìlì lọ. Ẹ ṣa àjákù pákó tí wọn ìbá fi dáná, kí ẹ bẹ káfíńtà kó bá yín là á. Ọparun wà, páálí wà, agolo mílíìkì wà. Láyé àtijọ́, sílípáàsì tó gbó làwọn ọmọdé ń gé ṣe táyà ọkọ̀ alágolo, ọkọ̀ náà sì ń yí. Ní ti ọ̀dà, tínà àti gọ́ọ̀mù, ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń gbaná, ọkọ̀ òfuurufú kì í sì í fẹ́ gbé wọn. Ẹ rà wọ́n lọ́dọ̀ ọlọ́dà àdúgbò.

Bí ẹnìkan bá sọ pé ohun ilé kò lè ṣe iṣẹ́ gidi, ẹ tọ́ka sí Justus Akérédolú fún un. Ọ̀wọ̀ ni wọ́n bí i sí ní 1915. Ní àwọn ọdún 1930, ẹ̀gún ara igi, irú èyí tó ń hù lára àtà, ló ń gbẹ́ di ènìyàn kéékèèké: àwọn tó ń gúnyán, àwọn tó ń dẹ́mu, àwọn tó ń wakọ̀ ojú omi. Àwọ̀ ẹ̀gún kò dọ́gba; òmíràn funfun díẹ̀, òmíràn pọ́n, òmíràn dúdú rúsúrúsú, nítorí náà ẹ̀gún fúnra rẹ̀ ló ṣe iṣẹ́ ọ̀dà. Ohun tí àgbẹ̀ ń yẹra fún kó má baà gún un ni Akérédolú sọ di iṣẹ́ ọnà tí àwọn àjèjì ń rà lọ sílé wọn. Ẹ kíyè sí i pé iṣẹ́ tó parí ló ń wọkọ̀ níbẹ̀. Ohun èlò rẹ̀ kò tilẹ̀ kúrò nílé.

Ní ti ohun tó gbọ́dọ̀ wá láti òkèèrè, ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Àwọn akẹ́rù òfuurufú kì í wo kìlógíráàmù nìkan, wọ́n ń wo àyè tí páálí gbà. Wọ́n á fi gígùn, ìbú àti gíga rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà sọ ara wọn di púpọ̀, wọ́n á sì fi 5,000 pín in. Páálí tó jẹ́ 50, 40 àti 20 yóò jẹ́ kìlógíráàmù 8 lójú wọn, bí ohun tó wà nínú rẹ̀ kò tilẹ̀ ju kìlógíráàmù kan lọ. Bí ẹ bá ní kí olùtà kó o sínú páálí 40, 25 àti 10, ó di 2. Ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó. Ẹnu tó béèrè ló ń rí ẹ̀dínwó.

Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ọmọ ejò níyà. Bí ará Òkèlúsè, ará Ifọ́n àti akẹ́kọ̀ọ́ Politẹ́kíníìkì Rufus Giwa ní Ọ̀wọ̀ bá ń ra ọjà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń san owó ọkọ̀. Ẹ dá owó jọ, kí ẹ sì yan ẹni kan tí yóò máa gba ẹrù. Ṣùgbọ́n ẹ má kó o jọ ju bó ṣe yẹ lọ. Láti Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025 ni Àwọn Aṣọ́bodè Nàìjíríà ti sọ pé ẹrù tí iye rẹ̀ kò bá ju 300 dọ́là lọ kò ní san owó ibodè. Ẹ wá ìwọ̀n tó dé ìtòsí ibẹ̀ tí kò sì kọjá rẹ̀.

Ẹni tó bá sì ń ta iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ fún àwọn ará wa ní Amẹ́ríkà, kó mọ̀ pé ìlànà ti yí padà lọ́hùn-ún. Àǹfààní tó jẹ́ kí ẹrù tí kò ju 800 dọ́là lọ wọlé láìsan owó ibodè dópin ní ọjọ́ 29 Oṣù Kẹjọ ọdún 2025. Ẹ bá oníbàárà sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ kí iṣẹ́ tó kúrò nílé, kí ẹ ka owó ọkọ̀ mọ́ iye tí ẹ dá lé e. Ẹ ṣe iṣẹ́ tó kéré, tó fúyẹ́, tó ṣeé tú palẹ̀ kó lè wọ páálí pẹlẹbẹ. Ẹni tó bá dá iye lé iṣẹ́ láìka owó ọkọ̀, ó ti fi iṣẹ́ náà tọrẹ.