Ẹ̀kọ́: Àwọn Ilé Iṣẹ́ àti Ọmọbìnrin Tí Ó Fẹ́ Ṣe Iṣẹ́ Kọ̀ǹpútà

Ẹ̀kọ́ wa fún oṣù mẹ́ta yìí dá lórí ìrànlọ́wọ́ tí àwọn ilé iṣẹ́ ń ṣe fún àwọn ọmọbìnrin àti obìnrin tí wọ́n fẹ́ fi iṣẹ́ kọ̀ǹpútà àti ìmọ̀ ẹ̀rọ jẹun.

Kí olùkọ́ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ kíláàsì: Ta ni nínú wa tí ilé iṣẹ́ kan ti ran ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ rí? Kí ni wọ́n fún un? Iṣẹ́ wo ni ọmọ náà ń ṣe nísinsìnyí? Ẹ má ṣe kánjú kúrò lórí ìbéèrè kẹta.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan rí irú ìrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀ gbà. Ilé iṣẹ́ kan san owó ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ fún ọdún méjì, wọ́n sì gbà á síṣẹ́ nígbà tí ó parí. Gbogbo wa jó. Fọ́tò ọjọ́ náà ṣì wà lára ògiri ilé bàbá rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa kọ ètò tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa. Nígbà tí ó bímọ tán tí ó padà sẹ́nu iṣẹ́, ó bẹ àwọn ọ̀gá rẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun máa ṣe díẹ̀ nínú iṣẹ́ náà láti ilé, nítorí aago mẹ́jọ alẹ́ ni wọ́n ń túká, ọ̀nà sì jìn. Wọ́n ní àwọn kò ní irú ètò bẹ́ẹ̀. Kò pé oṣù mẹ́rin tí ó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Kò sẹ́ni tí ó lé e. Èmi gan-an wà lára àwọn tí ó sọ fún un pé kí ó fara balẹ̀ tọ́ ọmọ ná. Mo ti ronú sí ọ̀rọ̀ tí mo sọ yẹn lọ́pọ̀ ìgbà. Ilé iṣẹ́ náwó kọ́ ọ, wọ́n sì pàdánù rẹ̀ nítorí wákàtí díẹ̀ lóòjọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Obìnrin kan wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó wá ojútùú sí i ní ohun tí ó lé ní ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn. Stephanie Shirley ni orúkọ rẹ̀. Ìlú Dortmund ní Jámánì ni wọ́n bí i sí ní 1933, Júù sì ni bàbá rẹ̀. Ní 1939, nígbà tí inúnibíni sí àwọn Júù le, wọ́n fi òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin sínú ọkọ̀ ojú irin pẹ̀lú àwọn ọmọdé mìíràn, ó di England. Ọmọ ọdún márùn-ún ni. Ilé ẹ̀kọ́ ọmọbìnrin tí ó lọ kò kọ́ni ní ìṣirò tí ó ń wá, nítorí náà ó gba àyè láti máa lọ kọ́ ọ ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọkùnrin. Lẹ́yìn èyí, ó ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án, ó ń lọ sí kíláàsì lálẹ́ fún ọdún mẹ́fà, títí ó fi gba oyè nínú ìṣirò.

Ní 1962 ó dá ilé iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ lórí tábìlì ìjẹun nínú ilé rẹ̀. Pọ́n-ùn mẹ́fà ni owó ìbẹ̀rẹ̀. Ètò kọ̀ǹpútà ni ó fẹ́ tà, nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé èènì orí ẹ̀rọ ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ó kọ lẹ́tà títí, wọn kò dá a lóhùn. Ọkọ rẹ̀ wá dá a lábàá pé kí ó máa fi “Steve” fọwọ́ sí lẹ́tà, bí ọkùnrin. Èsì bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Ẹ rẹ́rìn-ín bí ẹ bá fẹ́, ṣùgbọ́n ẹ rántí pé lẹ́tà kan náà ni.

Àwọn wo ni ó gbà síṣẹ́? Àwọn obìnrin tí wọ́n ti kọ́ iṣẹ́ náà, tí wọ́n sì ti fi í sílẹ̀ nítorí ìgbéyàwó tàbí ọmọ títọ́. Ilé wọn ni wọ́n ti ń ṣe é. Pẹ́ńsùlù àti ìwé ni wọ́n fi ń kọ ètò náà. Wọn a fi ránṣẹ́ nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́ sí ibi tí wọ́n ti ń lu ihò sí páálí tí kọ̀ǹpútà lè kà. Òun pàápàá bí ọmọkùnrin kan ní 1963. Bí oníbàárà bá tẹ̀ ẹ́ láago, ó ní ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kan tí ó ń ké ìró taipíráítà, kí ẹni náà lè rò pé inú ọ́fíìsì ńlá ni òun ń bá sọ̀rọ̀, kí ariwo ilé má baà hàn. Èwo nínú wa ni kò tíì ṣe irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ rí, tí ọmọ ń sunkún lẹ́yìn?

Nínú 300 òṣìṣẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́, 297 ni obìnrin. Àwọn ìyá tí wọ́n jókòó sílé yìí ni wọ́n kọ ètò fún àpótí tí ń ṣàkọsílẹ̀ bí bàálù Concorde ṣe ń fò, èyí tí wọ́n máa ń wá bí ìjàm̀bá bá ṣẹlẹ̀. Nígbà tí ó yá, ó fi ìdá kan nínú mẹ́rin ilé iṣẹ́ náà lé àwọn òṣìṣẹ́ lọ́wọ́, 70 nínú wọn sì di olówó mílíọ̀nù. Ohun kan tí ó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé òfin tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 1975 láti dáàbò bo obìnrin lẹ́nu iṣẹ́ ni ó mú kí ó di dandan fún un láti máa gba ọkùnrin náà. Ó fẹ̀yìntì ní 1993, ó sì kú ní oṣù kẹjọ 2025, ẹni ọdún 91.

Ẹ kíyèsí i pé kì í ṣe báàgì àti ìwé ni ó fún wọn. Iṣẹ́ ni, ní wákàtí tí ìyá ọmọ lè ṣe é, pẹ̀lú owó rẹ̀.

N kò sọ pé ìrànlọ́wọ́ ìbẹ̀rẹ̀ kò wúlò o. Ọmọ tí kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí kò lè mọ̀ bóyá òun fẹ́ràn rẹ̀. Ní Èkó, Abisoye Ajayi-Akinfolarin fi iṣẹ́ tí ó ń ṣe sílẹ̀, ó sì dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní 2012 tí ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin láti àdúgbò bí Mákòkó ní kíkọ ètò kọ̀ǹpútà. Ní 2018, ilé iṣẹ́ ìròyìn CNN ti Amẹ́ríkà kà á mọ́ àwọn akọni mẹ́wàá ọdún náà. Irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ lè kọ́ ọmọ títí yóò fi mọ̀ ọ́n. Kò lè fún gbogbo wọn ní iṣẹ́. Ọwọ́ àwọn ilé iṣẹ́ ni ìyẹn wà.

Nítorí náà, bí ilé iṣẹ́ kan bá tún wá sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wa, ẹ dúpẹ́, kí ẹ sì béèrè. Ta ni yóò máa kọ́ ọmọ yìí lẹ́yìn òní? Obìnrin mélòó ni ó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà lọ́dọ̀ yín, mélòó nínú wọn ni ó sì ti bímọ? Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà fún aboyún ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú ìbímọ àti mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀. Bí ó bá ti lo oṣù mẹ́fà lẹ́nu iṣẹ́, owó rẹ̀ ní àkókò náà kò gbọdọ̀ dín sí ìdajì. Nígbà tí ó bá padà, ó ní ìdajì wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ láti fún ọmọ lọ́mú. Ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ wa ni kò mọ èyí, ìtìjú kì í sì í jẹ́ kí wọ́n béèrè.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí yóò dun àwọn kan nínú wa. Àwa náà ní ilé iṣẹ́. Àwọn kan ní ilé ìtẹ̀wé, àwọn kan ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tẹ ìwé lórí kọ̀ǹpútà. Ọmọbìnrin tí ń kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ ń gbálẹ̀, ó ń ra oúnjẹ fún oníbàárà. Nígbà tí ẹ̀rọ bá bàjẹ́, ọmọkùnrin ni à ń pè kí ó wá wò ó. Kí kíláàsì jíròrò èyí láìdárúkọ ẹnikẹ́ni.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti rí iṣẹ́ mìíràn. Ilé iṣẹ́ kékeré ni, ṣùgbọ́n wọ́n gbà kí ó máa ṣiṣẹ́ láti ilé lọ́jọ́ mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀. Ní ọjọ́ Tuesday àti Thursday tí ó ń lọ sí ọ́fíìsì, ọ̀dọ̀ mi ni ọmọ rẹ̀ ń wà. Ìdí nìyẹn tí ẹ kò fi rí mi ní ìpàdé ọjọ́ Thursday mọ́.