Ẹ Fẹ̀sọ̀ Tọ́ Ọmọ Edé

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í nini lára. Ẹni tó ń sin edé pupa nínú àpótí gíláàsì ni òwe yìí bá wí jù. Lójú tèmi, àṣejù ló ń pa ọmọ edé ju àìtọ́jú lọ.

Cherry shrimp ni mò ń wí, edé omi aláìníyọ̀ tó ṣẹ̀ wá láti Taiwan àti Ṣáínà. Abo rẹ̀ á kó ẹyin bí 20 sí 30 sábẹ́ ikùn, á máa fi ẹsẹ̀ ìlúwẹ̀ẹ́ fẹ́ atẹ́gùn sí i fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin. Nígbà tí ẹyin bá pa, ọmọ ti jọ ìyá pátá, ẹsẹ̀ pé, ìwo pé, síbẹ̀ gígùn rẹ̀ kò ju nǹkan bíi mìlímítà 2 lọ. Ẹ sún mọ́ gíláàsì dáadáa: ojú dúdú méjì lẹ máa kọ́kọ́ rí, nítorí ara tó kù mọ́ gaara. (Ẹ má ra irú Amano bó bá jẹ́ ọmọ lẹ ń wá, inú omi oníyọ̀ ni ọmọ tirẹ̀ ti ń dàgbà.)

Ọmọ edé kì í rìn jìnnà wá oúnjẹ. Awọ yíyọ̀ tó ń bo òkúta àti ewé inú omi tó ti pẹ́ ló ń jẹ. Nítorí náà, ẹ má ha gbogbo gíláàsì mọ́ féfé. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná: kí omi àpótí náà lò tó oṣù kan, ó kéré tán, kí edé tó wọ̀ ọ́.

Asẹ́ onífóòmù ni kí ẹ lò. Èyí tó ń fa omi lágbára á fa ọmọ wọlé. Omi tí ẹ bù nínú àpótí náà ni kí ẹ fi fọ fóòmù. Ìdá kan nínú mẹ́wàá omi tó láti pààrọ̀ lọ́sẹ̀, ẹ máa dà á sí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì ti fi oògùn pa kílóríìnì inú rẹ̀.

Èyí tó ń dùn mí jù ni oògùn ẹ̀fọn. Èyí tí à ń fín sílé lálẹ́ kò mọ edé yàtọ̀ sí aáyán. Bíbo àpótí nìkan kò tó, nítorí ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sómi á fa afẹ́fẹ́ yàrá náà wọlé. Ẹ ta nẹ́ẹ̀tì sórí bẹ́ẹ̀dì, kí ẹ má fín ohunkóhun ní yàrá tí edé wà.